Mo fẹ́ fi amọ̀ mọ Àjàlá àti àwọn orí rẹ̀: kí ni kí n pò, kí ni mo lè kó sínú iná?

Amọ̀Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà amọ̀kòkò. Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ mọ fún ara mi, kì í ṣe fún títà. Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run tó ń mọ orí ẹ̀dá, tó jókòó láàárín àwọn orí tó mọ, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ Ifá inú Ogbègúndá ṣe sọ ọ́: Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ lọ yan orí, àwọn méjì àkọ́kọ́ gbé orí tó tóbi tó sì dára lójú àmọ́ tí kò jinná, òjò pa á, ó ń re dànù lójú ọ̀nà.

Àjàlá fúnra rẹ̀ yóò ga ní 50 cm. Orí 12 yóò yí i ká, láti 7 cm títí dé 15 cm. Mo ní ààrò gáàsì tí mo lè yá lò, inú rẹ̀ ga ní 45 cm, ó fẹ̀ ní 40 cm. Amọ̀ pupa etí odò ni mo ní, ó rọ̀ dáadáa lọ́wọ́, àmọ́ ó ń sán bó bá ti ń gbẹ.

Ìbéèrè mi nìyí. Kí ni kí n pò mọ́ amọ̀ náà, báwo ló sì ṣe yẹ kí ó nípọn tó? Mo fẹ́ kí aṣọ Àjàlá funfun nítorí Ọbàtálá, kí osùn wà lára àwọn orí kan, kí ó ní owó ẹyọ lọ́rùn, kí ó sì mú ọ̀pá irin lọ́wọ́: èwo ni mo lè kó sínú iná nínú wọn? Ìkẹta, gbogbo ojú tí mo bá mọ ló ń jọ orí Ifẹ̀ tí gbogbo ayé ti mọ̀. Mi ò fẹ́ àwòkọ.

Ààrò-Gbóná:

Ẹ jẹ́ ká ti orí ààrò bẹ̀rẹ̀, nítorí ère yín kò ní wọ inú rẹ̀. Amọ̀ pupa a máa súnkì ní ìdá 5 sí 7 nínú 100 nígbà tó bá ń gbẹ, ìyókù di inú iná. Ohun tí ẹ bá mọ ní 50 cm yóò ṣì ga tó 47 cm lọ́jọ́ tí ẹ ó gbé e sínú ààrò, ó sì yẹ kí àyè 2 tàbí 3 cm ṣẹ́ kù lókè orí rẹ̀ kí iná lè yí i ká. Ẹ mọ ọ́n ní 44 cm. Bí ẹ bá ta kú pé 50 ni, ẹ gé e sí méjì ní ìbàdí, níbi tí aṣọ ti wé e, kí ojú ìpadé sápamọ́ sábẹ́ ìṣẹ́po aṣọ. Ẹ mọ ètè kan tó ga ní 2 cm sínú apá ìsàlẹ̀ kí apá òkè lè wọ̀ ọ́, kí àyè bíi 3 mm sì wà láàárín wọn. Ẹ fi bébà ìwé ìròyìn sáàárín méjèèjì, kí ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì lórí kí wọ́n jọ gbẹ. Bí ẹ bá gbẹ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan yóò wọ́ ju èkejì lọ, wọn kò sì ní bá ara wọn mu mọ́. Ẹ̀yìn iná ni ẹ ó tó fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Amọ̀ yín sanra jù, ìyẹn ni pé ó kúnná, ó sì ń gba omi púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sán. Àpáàdì ló nílò. Ẹ gún àpáàdì ìkòkò tó jinná, ẹ kọ́kọ́ fi asẹ́ gàrí jọ̀ ọ́ kí èyí tó rí gbọ̀ngbọ̀n kúrò, ẹ wá fi asẹ́ èlùbọ́ jọ èyí tó bọ́ sísàlẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sórí asẹ́ èlùbọ́ ni ẹ ó lò. Ẹ dà eruku tó jò kọjá nù, kò ṣe nǹkan kan fún amọ̀ ju pé ó ń mú un mu omi sí i. Fún ara Àjàlá, amọ̀ gbígbẹ òṣùwọ̀n 3 sí àpáàdì 1. Fún àwọn orí, 4 sí 1, kí ojú àti ètè lè jáde dáadáa. Bí àpáàdì bá kọjá ìdá 35 nínú 100, amọ̀ kò ní fẹ́ tẹ̀ mọ́, etí tí ẹ bá fà yọ yóò máa ya. Lẹ́yìn pípò, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó mọ ohunkóhun, ẹ gé amọ̀ pẹlẹbẹ kan, 12 cm ní gígùn, 3 cm ní fífẹ̀, 1 cm ní nínípọn. Ẹ fa ìlà tó jẹ́ 10 cm géérégé sí i lára. Bó bá gbẹ tán, ẹ wọn ìlà náà. Bó bá wà ní 9.4 cm, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ti lọ sí 9.2 tàbí kéré sí i, ẹ fi àpáàdì kún un. Ẹ sun pẹlẹbẹ yẹn kan náà, kí ẹ tún un wọ̀n, òun ni yóò sọ fún yín bí ihò kọ̀ọ̀kan yóò ṣe kéré tó lẹ́yìn iná.

Ní ti nínípọn: orí, 1 cm. Ara, 1.2 sí 1.5 cm. Èyí tó ń ba ère jẹ́ jù ni kí ibì kan ní 1 cm kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní 4 cm. Ibi tí ẹ ó ti máa ṣọ́ra ni ẹ̀yìn imú, ìsàlẹ̀ ọrùn, orúnkún àti ìkúùkù tó di ọ̀pá mú. Ẹ gbẹ́ inú gbogbo wọn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fi okùn amọ̀ gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè, pẹ̀lú ìka yín nínú rẹ̀, kí ẹ máa ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí jáde láti inú. Ojú tí a tì láti inú máa ń ní ẹran lára. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ mọ ọ́n ní gìdìgbà, kí ẹ fín ojú rẹ̀ tán, kí ẹ dúró di ìgbà tí ìka kò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́ àmọ́ tí ọ̀bẹ ṣì ń gé e, kí ẹ wá fi wáyà gé àtàrí rẹ̀ láti etí dé etí, kí ẹ gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ ó fi ọ̀bẹ ya ojú ibi tí ẹ gé ní ìlà-ìlà, ẹ ó fi amọ̀ olómi pa á, ẹ ó sì dá àtàrí padà síbẹ̀. Àjàlá, ọ̀nà àkọ́kọ́. Orí tó bá ju 10 cm lọ tí ẹ fẹ́ kí ojú rẹ̀ jáfáfá, ọ̀nà kejì. Orí 7 cm kò nílò wàhálà yìí, ẹ fi àtàǹpàkò lu inú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń mọ ọ́n. Gbogbo orí gbọ́dọ̀ ní ihò tó tó 1 cm lábẹ́ ọrùn.

Ọ̀rọ̀ kan ń káàkiri pé afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀ ló ń mú ère bú nínú iná. Omi ni. Bí ìgbóná bá ti kọjá 100 °C, omi tó ṣẹ́ kù láàárín amọ̀ yóò di oru, oru náà ń wá ọ̀nà àbáyọ, ibi tó bá ti nípọn ni kò ti rí i. Nítorí náà, gbígbẹ ló ń gba ère là. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣí i tán rárá títí ọ̀sẹ̀ kejì yóò fi parí. Ìka ọwọ́ àti etí máa ń gbẹ kíákíá, wọn a sì já ara wọn kúrò lára, ẹ fi àkísà tútù wé wọn. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bó bá ń tutù sí yín lára, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Iná: ẹ fi í sí 80 sí 90 °C fún wákàtí 6 sí 8, kí ilẹ̀kùn ààrò là díẹ̀. Lẹ́yìn náà, 50 °C ní wákàtí kan títí dé 250. Láti ibẹ̀, 100 °C ní wákàtí kan títí dé 600, kí ẹ rọra bó bá ń sún mọ́ 573, nítorí ibẹ̀ ni yanrìn funfun inú amọ̀ ti ń wú lójijì. Lẹ́yìn 600 ẹ lè lọ ní 150 ní wákàtí kan dé 1000 °C, kí ó dúró síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Yanrìn yẹn náà tún ń súnkì padà ní 573 bí ààrò bá ń tutù, ẹni tó bá kánjú ṣílẹ̀kùn yóò gbọ́ “páńkẹ́”. Ẹ má ṣí i títí yóò fi wá sísàlẹ̀ 100 °C.

Ẹfun-àt'Osùn:

Ààrò-Gbóná ti sọ ti amọ̀ tán. Èmi á mú ọ̀rọ̀ àwọn ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí púpọ̀ nínú ohun ìdámọ̀ òrìṣà ni kò bá iná rẹ́.

Owó ẹyọ, ẹ má kó o sínú ààrò láéláé. Kì í tètè jóná, ìyẹn gan-an ló ń tan èèyàn. Ní nǹkan bíi 850 sí 900 °C ó ti di ẹfun gbígbóná (quicklime), ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń fi òkúta ẹfun sun, bó bá sì jáde síta yóò máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, yóò wú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò di lẹ́búlẹ́bú. Bó bá wà nínú amọ̀, bó ṣe ń wú ni yóò máa ti amọ̀ jábọ́. Iyùn náà rí bẹ́ẹ̀, ìkarahun ìgbín náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ owó ẹyọ mọ́ ọrùn Àjàlá nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, ẹ mì í díẹ̀ kí ihò fẹ̀ sí i, kí ẹ wá yọ ọ́. Owó ẹyọ tó gùn ní 2 cm nílò ihò 2.2 sí 2.3 cm, nítorí ihò náà yóò súnkì pẹ̀lú ara. Ẹ̀yìn iná ni ẹ ó fi epoxy lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀pá irin, ìtàn kan náà lódì kejì: amọ̀ ń súnkì, irin kì í súnkì, ìkúùkù yóò là. Bí irin náà bá dé 1000 °C, yóò máa bó ní ìpẹ́-ìpẹ́, yóò sì tọ àbàwọ́n dúdú sára amọ̀. Ẹ fi igi lu ihò. Ọ̀pá tó nípọn ní 8 mm, ẹ lu ihò 10 mm, lẹ́yìn iná yóò wà ní nǹkan bíi 9.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi dígí ṣe yóò yọ́, yóò ṣàn sílẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ pẹpẹ ààrò onílé. Ti rọ́bà yóò jóná, èéfín rẹ̀ sì ni májèlé. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀, ihò ni kí ẹ lù sílẹ̀ fún wọn. Òkúta odò tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ère gẹ́gẹ́ bí edùn àrá tàbí ọta, kí ó fi í sílẹ̀ síta pẹ̀lú, ó lè bú. Màrìwò nìkan ló gbọ́n nínú wọn: ẹ tẹ̀ ẹ́ tútù mọ́ amọ̀, iná yóò jẹ ẹ́ lọ, yóò sì fi iṣan rẹ̀ sílẹ̀ lára ère.

Osùn, igi ni. Kò sí bí ẹ ṣe lè sun ún kí pupa rẹ̀ ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá fẹ́ osùn gidi, ẹ pò ó mọ́ àdí díẹ̀ lẹ́yìn iná, kí ẹ fi í pa orí tí kò ní dídán lára, amọ̀ yóò mu ún, kò sì ní ṣeé fọ̀ kúrò mọ́, ẹ dán an wò lára àpáàdì kí ẹ tó fọwọ́ kan orí. Bí ẹ bá fẹ́ pupa tí iná kò lè mú lọ, ẹ lọ ilẹ̀ pupa tó ní ìpẹtà irin, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fi èyí tó kúnná jù pa á lára kí ó tó gbẹ. Bí iná bá kọjá 1050 °C, pupa yẹn yóò máa lọ sí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, kò ní wuyì mọ́.

Ẹfun ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹfun ọjà kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ gún díẹ̀, ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá hó, a jẹ́ pé ó ní ìkarahun tàbí òkúta ẹfun nínú, ohun tí mo sọ nípa owó ẹyọ ni yóò ṣe. Bí kò bá hó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kaolin, ìyẹn amọ̀ funfun lẹ́búlẹ́bú, ẹ lè lò ó. Kaolin wà ní Ìjerò-Èkìtì, àwọn tó ń ta nǹkan amọ̀ sì ń tà á. Àmọ́ kaolin nìkan lórí amọ̀ pupa yóò ṣí kúrò ní ìpẹ́-ìpẹ́, nítorí kì í súnkì tó amọ̀ náà, kò sì sí ohun tó ń yọ́ nínú rẹ̀ tí yóò dì í mú ní 1000 °C. Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ ni èyí, ní ìwọ̀n òṣùwọ̀n: kaolin 40, amọ̀ funfun tó ń fà (ball clay) 30, frit (dígí lílọ̀ tó ń yọ́ nínú iná) 20, yanrìn funfun lílọ̀ 10. Ẹ pò ó mọ́ omi kí ó ki bí ẹ̀kọ mímu, ẹ fi asẹ́ tó kúnná jọ̀ ọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí amọ̀ tó ti le díẹ̀ àmọ́ tí kò tíì gbẹ. Bó bá ń ṣí ní etí aṣọ, ẹ fi 5 kún amọ̀ tó ń fà, ẹ yọ 5 nínú kaolin. Bó bá ń sán ní wẹ́wẹ́, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹ wọ ìbomú nígbà tí ẹ bá ń wọn yanrìn àti kaolin, eruku wọn kì í kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ojú-Ọnà:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ ojú ló kù.

Púpọ̀ nínú ère tó wà lójúbọ òrìṣà kì í ṣe òrìṣà náà fúnra rẹ̀. Olùsìn ni: obìnrin tó kúnlẹ̀ tó gbé igbá, ìyá tó pọn ọmọ, ẹlẹ́gùn Ṣàngó tó ru oṣé lórí. Nítorí náà, kò sí ojú Àjàlá kan tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ẹ ṣì mọ. Òmìnira gidi nìyẹn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ni ìwà rẹ̀ nínú ẹsẹ Ifá: amọ̀kòkò tó mọṣẹ́ àmọ́ tó jẹ gbèsè, tó sá pamọ́ sórí àjà nígbà tí olówó wá sin gbèsè. Ẹ mọ ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà. Kí ọrùn yí díẹ̀ sápá kan, kí etí kan ga ju èkejì lọ, kí ẹnu là díẹ̀. Èyí ti tó láti gbé e kúrò lọ́dọ̀ orí Ifẹ̀, nítorí orí Ifẹ̀ kì í tẹ́tí sí nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ẹwà rẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sá fún. Ohun tó ń mú ojú jọ Ifẹ̀ ni ìpéńpéjú tí a fi ìlà yí ká, ètè tí etí rẹ̀ mú, ìlà gbọọrọ tó ń ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n, àti ìṣẹ́po yíyí lọ́rùn. Ẹ yọ mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí, ìjọra yóò lọ. Síbẹ̀, Ifẹ̀ kò mọ irú orí kan ṣoṣo. Ìkòkò kan wà tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake hú jáde ní ilẹ̀ Ọbalára ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n mọ ojúbọ kan sí i lára, orí mẹ́ta ló wà níbẹ̀: èyí àárín ní ojú èèyàn pátápátá, àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí ṣóńṣó lókè, ihò ojú àti ẹnu lásán ni wọ́n ní. Ohun tí ẹ lè mú lò nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo orí 12 ló gbọ́dọ̀ ní imú àti ìpéńpéjú. Kí mẹ́rin ní ojú kíkún, kí mẹ́rin rí ṣóńṣó pẹ̀lú ihò mẹ́ta, kí mẹ́rin jẹ́ amọ̀ rógódó tí Àjàlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yín yóò yá, ẹni tó bá ń wò ó yóò sì rí i pé orí ń di orí lójú rẹ̀.

Ìwọ̀n ara. Orí èèyàn gidi jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú méje àbọ̀ gíga rẹ̀. Nínú ère Yorùbá, ìdá kan nínú mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní 1957 náà rí bẹ́ẹ̀. Fún iṣẹ́ tí kókó rẹ̀ jẹ́ orí, ẹ má dín in kù. Bí orí Àjàlá bá jẹ́ 14 cm, ìdúró rẹ̀ á jẹ́ 56 cm, bó bá jókòó á bọ́ sí 42 sí 44 cm, á sì wọ ààrò láìgé e. (Ẹ rí i pé ìṣirò àwọn àgbà tún gba yín lọ́wọ́ ààrò kékeré.)

Ní ti dídán, ẹ má dán Àjàlá. Kí ipa ìka yín wà lára rẹ̀. Orí ni kí ẹ dán. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹsẹ náà: orí tó dára lójú ni kò jinná. Òkúta wẹ́wẹ́ lè mú amọ̀ tútù kọ mànà láìrí iná rárá. Nítorí náà, orí tó bá tóbi jù tó sì ń dán jù nínú 12 yẹn ni kí ó jẹ́ àìsun. Kí orí kékeré tó rí wúruwùru jẹ́ èyí tó jinná dáadáa.

Ohun kan tí mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ni kí ẹ fi orí náà ṣe ìdérí ìkòkò tó ní omi àti ọta odò nínú. Ìkòkò òrìṣà Ẹyinlẹ̀ nìyẹn, irú èyí tí Àbátàn, amọ̀kòkò obìnrin Òkè-Ọ̀dàn nílẹ̀ Ẹ̀gbádò, mọ, tí Robert Farris Thompson kọ nípa rẹ̀ ní 1969: obìnrin lórí ìdérí, ọta àti omi odò nísàlẹ̀. Ohun ìbọ ni. Ẹ wo bó ṣe so ara obìnrin mọ́ ìdérí, ẹ kọ́ bí èjìká ṣe ń di apá ìkòkò, àmọ́ ẹ fi ọta àti omi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ìyá Oníkòkò:

Ọmọ mi, wọ́n ti fi ìṣirò kún ọ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ sì dáa. Àmọ́ má kó àwọn orí yẹn sínú ààrò gáàsì. Gbé Àjàlá síbẹ̀ nítorí aṣọ funfun rẹ̀, ìyẹn nílò 1000. Orí, gbangba ni kó o ti sun wọ́n. Iná gbangba máa ń wà láàárín 600 sí 800, ó tó fún amọ̀ etí odò tó ní àpáàdì, ọwọ́ iná yóò sì kọ dúdú àti pupa sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára lọ́nà tí ẹnì kan kò lè fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe.

Fún tìyẹn, lo amọ̀ 3 sí àpáàdì 1 fún orí náà, má lo 4 sí 1 tí wọ́n sọ, iná gbangba kì í rọra gbóná. To àwọn orí yí iná kékeré ká fún wákàtí kan sí méjì, kó o máa yí wọn, títí tí ọwọ́ kò fi ní gbà wọ́n mọ́. Tẹ́ igi sílẹ̀, kí ó gbẹ. Dojú ọrùn wọn délẹ̀ lórí igi náà, fi ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ àti imọ̀ ọ̀pẹ dí àárín wọn, kó o fi àpáàdì ńlá bo òkè, kó o wá da koríko gbígbẹ lé gbogbo rẹ̀. Ṣáná sí i láti ìsàlẹ̀, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jà, dúró di ọjọ́ mìíràn: ẹ̀gbẹ́ kan orí ni yóò tutù lójijì, a sì sán. Bí koríko bá jó tán tí orí sì pọ́n, ó kù sọ́wọ́ ẹ láti fa èyí tó o fẹ́ kó dúdú jáde pẹ̀lú ọ̀pá gígùn. Àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin máa ń sè èèpo èso igi igbá, èyí tí wọ́n ń yọ irú nínú rẹ̀, wọ́n á fi omi rẹ̀ wẹ ìkòkò gbígbóná. Ó ń pọ́n, ó ń dúdú, ó sì ń dí ojú amọ̀.

Bí wọ́n bá tutù, fi ìka kan wọ́n. Èyí tó bá dún gooro ti jinná. Èyí tó bá dún pọ̀ọ́, ó ti là níbì kan tàbí kò jinná. Nínú ẹsẹ yẹn náà, ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń dán orí wò nílé Àjàlá, nítorí náà ọ̀pá tó o fẹ́ fi sí i lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, irinṣẹ́ ni.

Kí n wá sọ ti orí tí òjò yóò pa, torí Ojú-Ọnà sọ pé kó o fi í sílẹ̀ láìsun. Òótọ́ ni. Amọ̀ tí iná rẹ̀ kò tíì tó 450 ṣì lè padà di ẹrẹ̀, èyí tó bá ti kọjá 600 kò lè padà mọ́ láéláé. Má fi àpáàdì sínú orí yẹn, yanrìn wẹ́wẹ́ odò ni kó o fi sí i, ìdá 30 nínú 100, kí omi lè tètè ríbi wọ̀. Kí ó gbẹ pátápátá, kí omi kankan má ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, nítorí amọ̀ tó ṣì tutù díẹ̀ kì í tètè yọ́ nínú omi. Èyí tó gbẹ ló ń mu omi, tó sì ń tú ká. Dídán tó o dán an yóò dá omi dúró díẹ̀ lójú, nítorí náà imú àti ètè ni yóò kọ́kọ́ lọ, àtàrí yóò pẹ́. Gbé e sínú àwo ńlá lọ́tọ̀, kí ẹrẹ̀ rẹ̀ má tọ́ sí aṣọ funfun Àjàlá. Fi ìṣó lu agolo, gbé e kọ́ sókè, kí omi máa kán. Kó ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, o lè tún fi mọ orí mìíràn.

Amọ̀Tuntun:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà ẹ ṣeun. Mo ti gbà, Àjàlá yóò jókòó, orí rẹ̀ yóò jẹ́ 14 cm. Ó ku ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ nà án síwájú, àmọ́ mo ń bẹ̀rù pé yóò tẹ̀ tàbí kí ó já ní ọrùn ẹsẹ̀.

Ààrò-Gbóná:

Yóò já. Ẹ ká orúnkún rẹ̀ sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí aṣọ sì bò ó láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Aṣọ náà ni yóò máa gbé e dúró, inú rẹ̀ yóò sì ṣófo. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ jẹ́ ìjókòó rẹ̀, kí ẹ gé ihò 3 cm sí ibi tí ìdí ti kan ìkòkò, kí oru lè ti inú ara gba inú ìkòkò jáde. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ẹsẹ̀ kan nà, ẹ mọ òpó kékeré pẹ̀lú amọ̀ kan náà, ẹ fi ti ẹsẹ̀ náà lábẹ́ láti ìgbà tí ó ti tutù, kí òpó náà gbẹ pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì wọ ààrò pẹ̀lú rẹ̀. Amọ̀ mìíràn kò ní súnkì bákan náà, yóò gbé ẹsẹ̀ sókè títí yóò fi ya. Ẹ wọ́n yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sórí pẹpẹ ààrò kí ẹ tó gbé ère lé e, kí ìdí ìkòkò náà lè yọ̀ bó ṣe ń súnkì.